Thomas Adéoyè Lambo

Thomas Adéoyè Lambo (ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923 – ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004) jẹ́ oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ọ̀jọ̀gbọ́n àti alákòóso ètò ìlera ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Yúróòpù. Ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni ètò abúlé Aro, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1954. Nínú ètò yìí, aláìsàn ọpọlọ kì í sùn sí ilé ìwòsàn. Inú abúlé ni ó ń gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ètò náà fi hàn pé orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì tó, lè tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn ọpọlọ láìfi wọ́n sí àhámọ́. Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì jẹ́ igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

A bí Lambo ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá, ní ọdún 1923. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama Baptist Boys' High School tí ó wà ní ìlú náà láti ọdún 1935 sí 1940. Lẹ́yìn èyí ni ó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1948. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nígbà tí ó gbé Dinah Violet Adams níyàwó ní ọdún 1945. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí.

Ní ọdún 1950 ó padà sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí dókítà ìjọba. Ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Zaria àti ní Gusau, èyí tí ó jẹ́ kí ó mọ ìgbé ayé àwọn ènìyàn ní ìhà gúúsù àti ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1952 ó tún kọjá sí London láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Institute of Psychiatry, ilé ẹ̀kọ́ tí ó so mọ́ ilé ìwòsàn Maudsley. Ilé ìwòsàn yìí jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó lókìkí jù lọ ní ayé nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ yìí, ìjọba fi ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Aro, ní ẹ̀yìn odi ìlú tí wọ́n ti bí i, sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú àrùn ọpọlọ kí Aro tó bẹ̀rẹ̀

Ní àkókò ìjọba amúnisìn, ọ̀nà méjì ni ó wà fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ọ̀nà kìíní ni ilé àhámọ́ ìjọba. Wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Calabar ní ọdún 1904, wọ́n sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Yaba, ní Èkó, ní ọdún 1907. Iṣẹ́ tí àwọn ilé yìí wà fún ni láti mú ẹni tí ó ń da ìlú láàmú kúrò ní ìgboro. Ìwòsàn kọ́ ni olórí ète wọn, kò sì sí dókítà àrùn ọpọlọ nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ilé àhámọ́ bá kún, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn yòókù sí. Ní ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú sí. Láti inú ilé Lantoro yìí ni èrò nípa ilé ìwòsàn Aro ti jáde.

Ọ̀nà kejì ni ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé aláìsàn wọn lọ. Oníṣègùn a máa lo egbò igi bí asofẹ́yẹjẹ, tí ó ń mú kí ara aláìsàn rọlẹ̀ kí ó sì sùn. A máa ṣe ètùtù, a sì máa wádìí aáwọ̀ tí ó wà nínú ìdílé náà. Ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ ìtì igi, àwọn mìíràn a sì máa jẹ pàṣán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ilé àhámọ́ ìjọba kò ní: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí aláìsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò ìtọ́jú. Aláìsàn náà kò di àjèjì sí àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹni tí ó bá ti pẹ́ nínú àhámọ́ ìjọba kì í rọrùn láti dá padà sílé. Bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, àwọn ará ilé lè ti gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ilé náà fi ń kún síi, tí ìnáwó rẹ̀ kò sì lópin.

Ìṣòro tí ó bá ní Aro ní ọdún 1954

Nígbà tí Lambo gba iṣẹ́ ní ọdún 1954, wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Yàrá tí aláìsàn lè sùn sí kò tíì sí. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ iṣẹ́ àrùn ọpọlọ kò tó nǹkan, òun fúnra rẹ̀ sì ni dókítà àrùn ọpọlọ tí gbogbo agbègbè náà gbójú lé. Bí ó bá dúró títí ilé yóò fi parí, àwọn aláìsàn yóò wà nínú ìdè títí di ìgbà náà. Bí ilé bá sì parí tán, bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ kò lè tó ìdá díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n nílò ìtọ́jú.

Ohun tí ó ń gba owó jù lọ ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oògùn. Oúnjẹ, fífọ aṣọ, ìtọ́jú yàrá, olùṣọ́ àti nọ́ọ̀sì tí ń ṣọ́ aláìsàn lóru ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà. Púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yìí sì ni ìdílé aláìsàn mọ̀ ọ́n ṣe ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Láti inú òye yìí ni Lambo ti pinnu pé òun kò ní dúró de bẹ́ẹ̀dì. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn ojúmọmọ, ó sì wá ibi tí àwọn aláìsàn yóò máa gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí ọgbà náà ká.

Bí ètò abúlé ṣe ń ṣiṣẹ́

Abúlé mẹ́rin tí ó súnmọ́ ilé ìwòsàn náà ni wọ́n fi ṣe ètò yìí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, Lambo lọ bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbà abúlé sọ̀rọ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ìbẹ̀rù wèrè pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn, kò sì sí òfin tí ó lè mú onílé gba aláìsàn sínú yàrá rẹ̀ bí kò bá fẹ́.

Òfin àkọ́kọ́ nínú ètò náà ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan tí ó lè tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, yálà ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí. Ìbátan yìí ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà wá sí abúlé lọ́sàn-án. Wọ́n á gba yàrá lọ́dọ̀ onílé kan nínú abúlé, wọ́n á sì máa san owó ilé.

Ní ilé ìwòsàn, ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú ńlá Yúróòpù lákòókò náà. Ní ọdún 1952 ni àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn chlorpromazine fún àrùn ọpọlọ, oògùn yìí sì dé Aro pẹ̀lú. Wọ́n tún ń lo ìtọ́jú oníná mànàmáná àti ìtọ́jú insulin, èyí tí àwọn oníṣègùn ti pa tì lẹ́yìn náà. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa yí abúlé ká láti mọ bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe.

Apá kejì ìtọ́jú náà kì í ṣe ti oògùn. Nínú abúlé, aláìsàn ń bá àwọn ènìyàn jẹ, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó ń bá wọn jó, ó sì ń bá wọn lọ sí ibi ìjọsìn. Kò sí ẹni tí ó lè máa hùwà bí ó bá ti wù ú láàárín àwùjọ. Àwọn ará abúlé á bá a wí, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì rán an níṣẹ́. Lambo gbà pé ìwà tí àrùn bàjẹ́ a máa tètè tún ṣe níbi tí ìgbé ayé ti jọ ti ilé aláìsàn. Ẹni tí ó bá kọ́ láti jókòó jẹ́jẹ́ nínú yàrá àhámọ́ kò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbé láàárín ẹbí. Ẹni tí ó bá ti gbé ní abúlé fún oṣù díẹ̀ ti ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìbátan tí ó bá a wá pẹ̀lú ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ó mọ àkókò oògùn, ó mọ àmì tí ó fi hàn pé àìsàn náà fẹ́ padà, ó sì ń gbé ìmọ̀ yìí lọ sílé.

Wọ́n sábà máa ń fi ètò Aro wé ti ìlú Geel ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín méjèèjì. Ní Geel, àjèjì ni aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Aro, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìṣirò owó àti èrè

Ètò abúlé Aro di ohun tí àwọn alákòóso ìlera káàkiri ayé ń wò nítorí ọ̀nà tí owó gbà ń lọ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn kò ra oúnjẹ fún àwọn aláìsàn abúlé, kò sì sanwó fún ẹni tí yóò máa fọ aṣọ wọn tàbí tí yóò máa ṣọ́ wọn lóru. Owó tí ì bá bá èyí lọ ni ó kù fún oògùn àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n mọ iṣẹ́. Dókítà kan àti nọ́ọ̀sì díẹ̀ lè bójú tó aláìsàn tí ó pọ̀ ju iye tí wọ́n lè bójú tó nínú ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì.

Àwọn ará abúlé náà jẹ èrè. Owó ilé tí àwọn ìbátan aláìsàn ń san jẹ́ owó tuntun ní ọwọ́ àgbẹ̀. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé kan lówó láti fi kún yàrá wọn, kí wọ́n lè rí ibi fi àwọn àlejò sí. Wọ́n mú omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n sì yan àwọn òṣìṣẹ́ tí ń pa ẹ̀fọn. Àǹfààní yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú abúlé, yálà ó gba aláìsàn sílé tàbí kò gbà. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù àwọn ará abúlé fi yí padà di ìfẹ́: ìlera aláìsàn àti ìlọsíwájú abúlé ti di ohun kan náà.

Lọ́dọ̀ ìdílé, ìnáwó kò tán pátápátá. Ìbátan tí ó wà ní Aro kò sí lóko tàbí lọ́jà rẹ̀, owó ilé sì wà láti san. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wé oṣù gbọọrọ nílé oníṣègùn tàbí ọdún gbọọrọ nínú ilé àhámọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé rí i pé ó sàn fún wọn. Èrè tí ó tóbi jù ni pé aláìsàn ń padà sílé pẹ̀lú ẹni tí ó ti mọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Àjọṣe pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀

Ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ Lambo ni pé ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́. Kò fi ilé ìwòsàn lé wọn lọ́wọ́, kò sì fi oògùn òyìnbó sí ìkáwọ́ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni láti darí ìpàdé àti ìgbòkègbodò àwọn aláìsàn nínú abúlé, láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n gbà pé ó fa àìsàn wọn, àti láti ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ láàárín àwọn ará ìlú. Aláìsàn tí ó gbà pé àwọn ayé ni ó ń bá òun jà kì í fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà tí ó wọ aṣọ funfun. Ó lè sọ ọ́ fún oníṣègùn tí ó mọ èdè àti ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Àwọn dókítà kan ní Nàìjíríà àti lókè òkun rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìpadàsẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rù pé yóò fún àwọn tí ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn ní iyì tí kò tọ́ sí wọn. Ìdáhùn Lambo wà nínú bí ó ṣe pín iṣẹ́ náà: dókítà ni ó ń pinnu ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò lágbára láti pinnu ohun tí aláìsàn gbàgbọ́, nítorí náà ó nílò ẹni tí ó lè bá ìgbàgbọ́ náà sọ̀rọ̀.

Ìwádìí àti ìpàdé ọdún 1961

Ní àkókò náà, àwọn onímọ̀ kan láti Yúróòpù ń kọ́ni pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà yàtọ̀ sí ti òyìnbó àti pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí ó lókìkí jù nínú wọn ni J. C. Carothers, tí ó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1953. Lambo tako èrò yìí nínú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó fi hàn pé ẹni tí ó ń wo aláìsàn nínú ilé àhámọ́ nìkan kò lè mọ irú àìsàn tí ó wà láàárín ìlú, nítorí pé ẹni tí ń da ìlú rú nìkan ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìbànújẹ́ jókòó sílé rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Láti dán ọ̀rọ̀ yìí wò, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta ní ọdún 1961. Wọ́n fi àbájáde rẹ̀ wé ìwádìí tí Leighton ti ṣe tẹ́lẹ̀ ní Nova Scotia, ní Kánádà. Ìwé tí ó jáde láti inú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1963 fi hàn pé irú àìsàn ọpọlọ tí ó wà níbẹ̀ wà láàárín àwọn Yorùbá pẹ̀lú, àti pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ṣọ̀wọ́n rárá. Èyí ní ìtumọ̀ fún àwọn tí ń ṣètò ìlera: iye àwọn tí wọ́n nílò ìtọ́jú pọ̀ ju iye tí ilé ìwòsàn èyíkéyìí lè gbà lọ, nítorí náà ìtọ́jú gbọ́dọ̀ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Ní ọdún 1961 kan náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Abẹ́òkúta fún ìpàdé àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́, tí Lambo ṣètò. Àwọn àlejò náà fi ojú ara wọn rí bí abúlé ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó gba oyè OBE ní ọdún 1962.

Yunifásítì Ìbàdàn

Ní ọdún 1963 Lambo fi Aro sílẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tolani Asuni, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Aro, ni ó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kí ìmọ̀ náà má bàa dúró sí ọwọ́ ènìyàn díẹ̀. Ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti ọdún 1966 sí 1968, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì fi í ṣe gíwá Yunifásítì náà títí di ọdún 1971.

Àkókò ogun abẹ́lé Nàìjíríà àti ìgbà tí ó tẹ̀ lé e ni èyí, kò sì rọrùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn nínú ọgbà Yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìṣàkóso ilé gbígbé wọn. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Kúnlé Adépéjú sì kú. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ba gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́kàn jẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ṣe ìrántí Adépéjú títí di òní. Nínú ọdún náà ni Lambo fi Ìbàdàn sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé

Ní ọdún 1971 Lambo lọ sí Geneva, ní Swítsálándì, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nígbà tí Halfdan Mahler di olùdarí àgbà ní ọdún 1973, Lambo di igbákejì rẹ̀, ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1988. Ní àkókò wọn ni àjọ náà yí ojú sí ìlera àwọn ará ìgbèríko àti àwọn tálákà.

Ní ọdún 1975, àjọ náà tẹ àbájáde ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan jáde, tí ó dábàá pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó má ṣe gbé gbogbo ìrètí wọn lé ilé ìwòsàn ọpọlọ ńláńlá, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbogbogbòò láti máa tọ́jú àrùn ọpọlọ ní àdúgbò wọn. Ní ọdún 1977, àpapọ̀ ìpàdé àjọ náà rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti fún ìṣègùn ìbílẹ̀ ní àfiyèsí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, ìpàdé Alma-Ata sọ ìtọ́jú ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀nà tí gbogbo ayé yóò tọ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ìpinnu wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dámọ̀ràn kò jìnnà sí ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Aro láti ọdún 1954.

Ààlà ètò abúlé

Ètò abúlé kò lè gba gbogbo aláìsàn. Ẹni tí kò ní ìbátan, tàbí tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀, kò lè wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni irú wọn ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ. Àwọn tí wọ́n lè ṣe ènìyàn léṣe àti àwọn tí ilé ẹjọ́ rán wá wà nínú ọgbà tí a ń ṣọ́, pàápàá ní Lantoro. Nípa bẹ́ẹ̀, abúlé kò fi òpin sí ilé ìwòsàn. Ó dín iye àwọn tí yóò sùn síbẹ̀ kù ni.

Ayé náà sì yí padà. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń ṣiṣẹ́ oṣù, ó di ìṣòro fún ìbátan láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ìyá tàbí àǹtí ń ṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní ti gidi. Àwọn obìnrin ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pẹ̀lú àkókò wọn. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ fi ètò Aro ṣe àwòkọ́ṣe níbòmíràn ní láti fi èyí kún ìṣirò wọn. Lóde òní, ètò abúlé kò rí bí ó ti rí ní ìgbà Lambo mọ́.

Ikú àti ogún rẹ̀

Lambo kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún 81.

Ilé ìwòsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ láìní bẹ́ẹ̀dì ti di ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Aro ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe àwàdà tàbí èébú fún ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá gún. Ohun tí Lambo ṣe níbẹ̀ lòdì sí ìtìjú tí ó wà nínú àwàdà náà: ó mú ẹni tí ìlú ń sá fún, ó fi í sí àárín ìlú, ó sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n gbà á sílé rí àǹfààní nínú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí dókítà àrùn ọpọlọ kò ti tó, ìbéèrè tí ó dojú kọ ọ́ ní ọdún 1954 ṣì wà nílẹ̀, ìyẹn ni bí a ṣe lè wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn pẹ̀lú owó díẹ̀ láìsọ ìtọ́jú di àhámọ́. Ètò abúlé Aro ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí a máa ń tọ́ka sí jù lọ.